Ìbọn Tí A Kò Yìn: Star Wars ti Atari, 1983

100,000 pọ́ìntì ni ẹ̀rọ géèmù Star Wars máa ń san fún ẹni tó bá la kòtò Death Star, ibùdó ogun àwọn ọ̀tá, kọjá ní ìpele karùn-ún, tí kò yìnbọn kankan títí ihò èéfín tó wà ní ìparí kòtò náà fi yọ sójú. Ìbọn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kòtò ọ̀hún, 100 pọ́ìntì péré ni iye rẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò ó: ẹni tó bá fẹ́ fi yíyìn kó ohun tí àìyìn ń mú wá jọ yóò fọ́ 1,000 ìbọn ògiri, kòtò náà kò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Géèmù ìbọn ni Star Wars tí ilé-iṣẹ́ Atari gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1983. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lára ìdarí rẹ̀, ìbọn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yìn. Síbẹ̀, èrè tó wúwo jù lọ nínú kòtò rẹ̀, ọwọ́ tó dákẹ́ ló ń gbà á.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tó ń yin géèmù yìí sábà máa ń yin àwòrán rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó ṣì yẹ ní kíkọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún ni bó ṣe ń bi ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nínú gbogbo ohun tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ yìí, èwo lo máa fi sílẹ̀?

Eré ìbọn ojú irin ni a ó máa pe irú géèmù yìí, nítorí pé bí rélùwéè ló rí. Irin ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀, kò sí èrò tó lè ní kí awakọ̀ yà sí ọ̀nà oko. Ẹni tó jókòó sídìí Star Wars kò lè dúró, kò lè padà sẹ́yìn, kò lè sá kúrò lójú ogun. Ohun tó kù fún un ni kó máa darí àmì ìfojúsùn lójú-ìran, kó yìnbọn, kó sì yẹ̀ díẹ̀ sí òkè, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí nǹkan bá dí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló ń fojú kéré irú eré bẹ́ẹ̀ pé kò lómìnira. A ò gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n bá gba ọ̀nà kúrò lọ́wọ́ èèyàn, ojú àti ọwọ́ àti àkókò ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n eré náà sì kó sí. Ọdẹ tó gun ègùn náà kò lè rìn kiri, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe ọdẹ.

Ìtàn inú rẹ̀ kò pọ̀. Ìkọlù tó parí fíìmù Star Wars ti ọdún 1977 ni: ọkọ̀ ogun X-wing kan tí ẹni tó ń gbá géèmù ń wà, Death Star tó tóbi bí òṣùpá, ihò èéfín kan tó jẹ́ ibi àìlera rẹ̀. Mike Hally, ẹni tó ti ṣe géèmù Gravitar ṣáájú, ló darí iṣẹ́ náà. Jed Margolin ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣírò àwòrán oníhà mẹ́ta, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Warp Speed kí àṣẹ láti lo orúkọ fíìmù náà tó dé. Ìdarí rẹ̀, tó dà bí ti ọkọ̀ òfuurufú, wá láti ara ẹ̀rọ tí Atari ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti fi kọ́ ìbọn yíyìn nínú ọkọ̀ ogun Bradley. Bọ́tìnnì méjì fún ìka ìfábẹ̀lá, méjì fún àtàǹpàkò, kí ọwọ́ tó bá rẹ̀ lè sinmi fún èkejì.

Bí owó bá ti wọ inú ẹ̀rọ, Death Star mẹ́ta ló máa jáde pé kí ẹ yìn ọ̀kan láti fi yan ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọrùn ni ìpele 1. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 3 tó sì ṣẹ́gun gba 400,000 pọ́ìntì lé e. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 5 gba 800,000. Asà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ẹni tó ni ẹ̀rọ sì lè sọ ọ́ di méje, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Kò sí pé èèyàn ń kú ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ohunkóhun tó bá kan ọkọ̀, asà kan ló ń gbà lọ, eré á sì máa bá a lọ láì dúró. Ìpinnu ńlá nìyẹn lọ́dún 1983, nígbà tí ọ̀pọ̀ géèmù ṣì ń dá èèyàn dúró, tí wọ́n ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọ̀tá bá bà á.

Apá kìíní wà ní gbalasa òfuurufú. Àwọn TIE fighter, ọkọ̀ ogun àwọn ọ̀tá, ń bọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, 1,000 pọ́ìntì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ Darth Vader, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọ̀tá inú fíìmù náà, wà láàárín wọn, ìyẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ wọ inú ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Kò ṣeé pa. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bà á, 2,000 pọ́ìntì ni. Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á tẹjú mọ́ ọkọ̀ tó ń sá lọ, wọ́n á gbàgbé ohun tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù iná ni àwọn ọ̀tá ń jù, ó ń rọra tóbi bó ṣe ń sún mọ́ ojú-ìran, ó sì ṣeé yìn fọ́. 33 pọ́ìntì ni wọ́n ń san lórí rẹ̀, iye tó kéré débi pé ojú lè fò ó. Àmọ́ bọ́ọ̀lù iná kan tí ẹ kò yìn, asà kan ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ eré yìí kì í lé ọkọ̀. Ó ń fi àmì ìfojúsùn sí àárín, ó ń fọ́ iná tó sún mọ́ jù lọ, ó sì ń mú TIE fighter nígbà tí ọ̀kan bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìlà iná mẹ́rin ló ń ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú-ìran jáde, wọ́n á pàdé níbi àmì náà.

Ní ìpele 1, láti ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bọ́ sínú kòtò tààrà. Láti ìpele 2 lọ ni wọ́n ti ń gba orí ilẹ̀ Death Star kọjá. Bí ilé-ìṣọ́ bá ti dé, ṣóńṣó funfun tó wà lórí wọn ni kí ẹ yìn, kì í ṣe ara aláwọ̀ ìyeyè. Ara rẹ̀ kò ní fọ́, ẹ ó sì fi àkókò ṣòfò. Bí ẹ bá gé gbogbo ṣóńṣó náà tán, 50,000 pọ́ìntì ni, ẹ̀rọ sì ń ka iye tó kù fún yín lókè ojú-ìran. Òwò tó lérè ni láti ṣe é, ó kàn fẹ́ kí ẹ máa wo ọ̀nà jíjìn. Ilé-ìṣọ́ tó ti sún mọ́ yín kò ṣeé gbá mọ́, yíyẹ̀ fún un ló kù. Ẹni tó bá kọlù ú pàdánù asà, ojú rẹ̀ á sì kúrò lára mẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé àwọn èèyàn máa ń fa ìdarí lọ sí igun pátápátá. Bí ìdarí bá ti dé igun, ọkọ̀ náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, yóò sì pẹ́ kó tó padà sí àárín.

Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ nínú kòtò. Ògiri méjì, ilẹ̀ kan, ìbọn lára ògiri, bọ́ọ̀lù iná tó ń bọ̀. Nígbà tí ìpele bá ti ga, afárá tín-ínrín á máa dábùú ọ̀nà, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀, òmíràn láàárín, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ tàbí orí wọn kọjá. Ní ìparí ni ihò èéfín wà lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá yìn ín bà, 25,000 pọ́ìntì, Death Star á fọ́, asà kan á sì padà wá. Bí ó bá tàsé, asà kan á lọ, ẹ ó sì tún kòtò náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí gbogbo èyí ni wọ́n wá gbé ẹ̀bùn Force kà, orúkọ agbára àràmàǹdà inú fíìmù náà. Ẹ má yìn nǹkan kan nínú kòtò títí ihò náà yóò fi yọ. Ní ìpele 1, 5,000 pọ́ìntì ni. Ní ìpele 2, 10,000. Ní ìpele 3, 25,000. Ní ìpele 4, 50,000. Láti ìpele 5 lọ, 100,000 ni nígbà gbogbo. Wàyí o, àìyìn kò túmọ̀ sí pé kí ẹ gbé ọwọ́ lé ìtan. Bọ́ọ̀lù iná tí ẹ ìbá fọ́ ti di ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún, afárá sì wà níbẹ̀ bákan náà. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má dúró sójú kan. Ẹ rọra máa lọ láti òsì sí ọ̀tún àti láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ìyípadà kọ̀ọ̀kan kéré. Iná náà ń lọ síbi tí ọkọ̀ wà nígbà tí wọ́n jù ú, bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ kó tó dé, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Ẹ dúró sí agbedeméjì gíga kòtò bí ẹ bá rí afárá lókèèrè, nítorí láti ibẹ̀ ni òkè àti ìsàlẹ̀ ti jìnnà dọ́gba. Bí ihò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, ẹ sọ àmì ìfojúsùn kalẹ̀ sí àárín ìsàlẹ̀, kí ẹ dúró dè é. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ihò nígbà tó ti yọ ti pẹ́ jù.

Ìṣirò tó yẹ kí èèyàn máa ṣe nínú ara rẹ̀ nìyí: mélòó ni asà mi, mélòó ni ẹ̀bùn yìí ń san? Ní ìpele 1, 5,000 kò tó ohun tí èèyàn ń fi asà méjì rà. Ní ìpele 5, 100,000 tó TIE fighter 100, kò sí ẹni tí yóò rí ọgọ́rùn-ún pa ní apá kìíní. Níwọ̀n ìgbà tí asà kan ń padà lẹ́yìn Death Star kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá pàdánù ju ẹyọ kan lọ ní ìpele kan lè máa bá a lọ títí oorun yóò fi gbé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1984, Robert Mruczek gbá a fún wákàtí 49, ó sì gba 300,007,894. Bí ẹ bá pín iye yẹn, ó lé ní 102,000 pọ́ìntì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. TIE fighter nìkan kò lè mú irú iye bẹ́ẹ̀ wá. Orí ṣóńṣó ilé-ìṣọ́ àti inú kòtò ni wọ́n ti ń kó o jọ.

Nípa àwòrán rẹ̀, ohun kan wà tí a rò pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Géèmù yìí kò jọ fíìmù náà lápapọ̀. Ibì kan ṣoṣo ló jọ nínú rẹ̀. Kí ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù ọdún 1977, àwọn ọ̀gá ogun kó àwọn awakọ̀ jọ, wọ́n fi àwòrán kòtò náà hàn wọ́n lára ògiri, ìlà lásán lórí òkùnkùn. Larry Cuba ló fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán yẹn ní Yunifásítì Illinois ní Chicago. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Atari gbé ẹni tó ń gbá géèmù sínú àwòrán àlàyé yẹn gan-an. Ìyẹn ni kò fi dà bí ẹ̀dà tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ohun tó jẹ́ ìlà nínú fíìmù, ìlà náà ni wọ́n níbí.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà yàwòrán sì bá a mu. Tẹlifíṣọ̀n ilé ń yàwòrán bí ẹni ń ro oko: láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, poro kan tẹ̀lé òmíràn, títí ilẹ̀ fi tán, yálà nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ojú-ìran onílà ti Star Wars dà bí ẹni tó mú ẹfun lọ́wọ́ níwájú ògiri dúdú. Ó ń lọ tààrà síbi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ó fà á dé ibi tó parí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó lọ síbi tó kàn. Ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi mọ́ tónítóní láì ní eyín ayùn, tí ibi tó ṣófo sì fi dúdú bí òru láì sí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìlà ló ń gba àkókò, ìlà gígùn sì ń gbà ju kúkúrú lọ. Bí ìlà bá pọ̀ jù, kí ọwọ́ tó padà sí ti àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ yẹn ti ń kú, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi ní láti ṣírò ìlà bí ẹni ń ṣírò owó oúnjẹ. Ìyẹ́ TIE fighter di igun mẹ́fà pẹ̀lú ìlà díẹ̀ nínú. Ìràwọ̀ di ẹ̀kán kan. Ilé-ìṣọ́ di igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí funfun. Àwọn náà ń yan ohun tí wọn kò ní yà.

Ìṣirò tó wà lábẹ́ rẹ̀ le. Kí kókó kan lára ọkọ̀ ọ̀tá tó lè hàn níbi tó yẹ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yọ ibi tí X-wing wà kúrò nínú ibi tí kókó náà wà, kó sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó lè mọ ìhà tó kọjú sí, kó wá pín in lẹ́ẹ̀mejì kí ohun tó jìnnà lè kéré. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà jẹ́ Motorola 6809 tó ń sáré ní 1.5 MHz. Ìsọdipúpọ̀ kékeré kan ṣoṣo ń gba ìṣísẹ̀ 11 lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ḿbà ńlá sì fẹ́ mẹ́rin irú rẹ̀ pẹ̀lú àròpọ̀ lórí. Kò lè dá a ṣe. Wọ́n wá kọ́ ẹ̀rọ ìṣirò lọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ di púpọ̀, kó máa rò pọ̀, kó sì máa pín. 6809 á kó iṣẹ́ fún un, á gba èsì, á to àwọn ìlà, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń fa ìlà.

Fún ohùn, 6809 mìíràn tún wà, àti POKEY mẹ́rin, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá ohùn, fún orin àti ìbúgbàù, àti TMS5220 fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohùn àwọn òṣèré fíìmù náà gan-an ni, Mark Hamill, Alec Guinness, Harrison Ford. TMS5220 kì í pa ohùn mọ́ bí téèpù. Ní ìdá 40 ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ḿbà sílẹ̀ fún un: báwo ni ohùn ṣe lágbára tó, báwo ló ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀ tó, àti nọ́ḿbà mẹ́wàá fún bí ọ̀fun àti ẹnu ṣe là. Ẹ̀rọ á wá fi àwọn nọ́ḿbà náà kọ́ ohùn padà. Ẹni tó bá mọ gángan yóò tètè lóye ìdí tí gíga ohùn fi ní nọ́ḿbà tirẹ̀: ẹ yí i padà, ọ̀rọ̀ á ti gba ojú mìíràn. Bí ohùn ṣe dún fúnra rẹ̀ kò mọ́ púpọ̀, ó gbẹ, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀, ó wá dà bí ọ̀rọ̀ tó ń gba rédíò ọkọ̀ wọlé. Ó bá iṣẹ́ náà mu ju ohùn tó mọ́ lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tó kù láyé ti gbó, àtúnṣe wọn sì ní ètò. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ìgò ojú-ìran ń pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ni, ó sì lè ṣeni léṣe gidigidi. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná yẹn sílẹ̀ sára férémù irin, kó má fọwọ́ kan ibẹ̀ rárá, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìsàlẹ̀ àpótí ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú-ìran. Kàpásítọ̀ ńlá aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀, 27,000 µF, 15 fóltì, òun ló ń mú iná tó ń lọ sí bọ́ọ̀dù rọlẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ̀rọ á máa kùn, á máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí kó má dìde rárá, àwọn èèyàn á sì máa dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láì jiyàn. Fíúsì tó wà nítòsí rẹ̀ náà, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ nu ibi tí wọ́n ń jókòó sí, nítorí ìpáàtá ibẹ̀ máa ń dí iná lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíúsì fúnra rẹ̀ kò já. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn 5 fóltì lórí bọ́ọ̀dù géèmù gan-an, kì í ṣe lórí bọ́ọ̀dù iná. Bí ibi ìkìbọ̀ tó so méjèèjì pọ̀ bá dọ̀tí, iná á jò síbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná, bọ́ọ̀dù iná á sì máa ti ara rẹ̀ sókè láti dí àlàfo náà. Ẹni tó bá fi yíyí bọ́tìnnì fóltì sókè yanjú ìyẹn ti fi àárẹ̀ pamọ́, ó ń jó ìkìbọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nínù àti pípààrọ̀ ìkìbọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.

Bí ojú-ìran bá ṣókùnkùn, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Irú ojú-ìran yìí máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ bí nǹkan kan kò bá mú un rìn, kí ìmọ́lẹ̀ tó dúró sójú kan má baà jó ìgò náà. Bí bọ́ọ̀dù géèmù kò bá rán ìlà wá, òkùnkùn náà ni ẹ ó rí. Ẹ tẹ́tí sí ohùn: bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gba owó, ẹ lọ wo àwọn tíránsísítọ̀ tó ń ti ìlà sí òsì àti òkè. Ojú-ìran Amplifone ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibi tó ti máa ń kú jù lọ ni tiráńsífọ́mà iná gíga rẹ̀, tó máa ń sán lára tí iná á sì máa ta jáde. Àfidípò tuntun ti wà fún un báyìí. Bí àwòrán bá wà ṣùgbọ́n tí TIE fighter di ìlà tó ta kókó, ẹ fura sí ẹ̀rọ ìṣirò, kí ẹ tan bọ́tìnnì àyẹ̀wò nínú ilẹ̀kùn owó. Bí àmì ìfojúsùn bá ń fò, pótẹ́ńṣíómítà méjì tó wà nínú ìdarí ló ti jẹ, tàbí jíà oníke rẹ̀ ti sán. Ẹ ka nọ́ḿbà ara èyí tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn. Bí kò bá sì rántí orúkọ àwọn tó gba pọ́ìntì jù mọ́, ẹ wo X2212, ìrántí kékeré tó ń tọ́jú wọn.

Nípa àwọn tó tẹ̀lé e, a ó kúrú. Return of the Jedi ti 1984 kì í ṣe onílà, kì í ṣe irú eré kan náà. The Empire Strikes Back ti 1985 ni ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tí ẹni tó ti ní ẹ̀rọ Star Wars yóò fi yí i padà, nítorí náà àpótí kan náà, ìdarí kan náà. Ó ń béèrè pé kí èèyàn kó lẹ́tà tó para pọ̀ jẹ́ JEDI jọ nípa yíyìn iye ọ̀tá kan pàtó. Eré tó dára ni, ṣùgbọ́n yíyìn púpọ̀ ló ń sanwó fún, ìyẹn ni kò fi wọ̀ wá lọ́kàn tó ti àkọ́kọ́.

Ẹni tí kò sí ẹ̀rọ náà nítòsí rẹ̀ lè gbá a lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú MAME, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, bí ó bá ní ẹ̀tọ́ sí àkóónú géèmù náà. Má fi kíbọ́ọ̀dù gbá a, ìdarí rẹ̀ kì í ṣe ti tẹ̀-kó-dúró. Páàdì tó ní ọ̀pá kékeré sàn jù, ìdarí ọkọ̀ òfuurufú ti kọ̀ǹpútà sì sàn ju páàdì lọ. Nínú àkójọ ètò ìdarí, ẹ dín bó ṣe ń yára fèsì kù títí àmì yóò fi dé etí ojú-ìran gẹ́ẹ́ nígbà tí ọ̀pá bá dé òpin, kó má ṣe dé ibẹ̀ ní ìlàjì ọ̀nà. Ẹ sọ joystick_deadzone di kékeré, nítorí bí àárín ọ̀pá bá kú jù, ìyípadà kékeré tí kòtò ń fẹ́ kò ní ṣeé ṣe. Fún àwòrán, ẹ mú beam_width_max nípọn díẹ̀ ju beam_width_min lọ kí ìlà tó mọ́lẹ̀ lè sanra ju èyí tó ṣókùnkùn, kí ẹ fi flicker díẹ̀ sí i, kí ẹ sì pa iná yàrá. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Death Star ìpele 3, ẹ fọ́ bọ́ọ̀lù iná, ẹ gé ṣóńṣó tí ẹ bá lè gé. Bí ògiri méjèèjì bá ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbé ìka kúrò lórí gbogbo bọ́tìnnì. 25,000 ló wà ní ìparí kòtò yẹn, yàtọ̀ sí ti ihò.